Orúkọ Àdùnní Lórí Pátákó Adébáyọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí aláròyé kan má baà bù mọ́ ọn. Jùmọ̀kẹ́ ọmọ Wòlíì Bámgbóyè kì í ṣe aláìgbọràn. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀, kó lọ sí Ìgèdè-Èkìtì, kó lọ bi wọ́n léèrè ta ló ń pọnmi kún àmù ṣọ́ọ̀ṣì láràárọ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méje. Ìṣòro tirẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí òótọ́ bá ti dé ẹnu rẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e mì. Ìyẹn ló fún un ní ọkọ, ìyẹn náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ kẹwàá oṣù Dìsẹ́ńbà, ọdún 1977. Jùmọ̀kẹ́ ti di tíṣà ní Adó nígbà náà, ọ̀dọ̀ Àǹtí Títílayọ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ló sì ń gbé, nítòsí Ọjà Ọba. Ó ń lọ gba bàtà tó fún wọn tún ṣe ní àdúgbò Adébáyọ̀, ó wá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Mọ́nsúrù tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù. Pátákó dúdú kan máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, ojoojúmọ́ ni Mọ́nsúrù sì máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyí:

ÒNÍ NÍNÚ ORIN. 10 DÌSẸ́ŃBÀ.
1949: Fats Domino kọ́kọ́ wọlé lọ gba orin sílẹ̀, Amẹ́ríkà.
1967: Otis Redding kú. Ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ já sínú adágún omi. Ó pé ọdún mẹ́wàá lónìí.

Láti inú ṣọ́ọ̀bù, ohùn òkú náà ń kọrin lọ bí ẹni tí kò gbọ́ pé òun ti kú. Jùmọ̀kẹ́ dúró. Ó ti ń ka pátákó yìí láti bí oṣù mẹ́ta, ó sì ti ń bí i nínú láti bí oṣù mẹ́ta. Ó yà wọlé.

"Ẹ kúuṣẹ́ o."

"Oò, ẹ káàbọ̀, àǹtí. Rẹ́kọ́ọ̀dù wo lẹ ń fẹ́?"

"N ò wá ra rẹ́kọ́ọ̀dù. Pátákó yín ni mo bá wá. Mò ń kọjá níbí lọ́jọ́ gbogbo, lọ́jọ́ gbogbo, Amẹ́ríkà ṣe báyìí, Lọ́ńdọ̀nù ṣe báyẹn. Ṣé àwa níbí, adití ni wá ni?"

Mọ́nsúrù rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó dé fìlà pẹlẹbẹ kan tí bàbá rẹ̀ tó ń ránṣọ l'Ọ́jà Ọba rán fún un. Ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ tábìlì. Ìwé náà ti wú nítorí bébà tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀.

"Ẹ wò ó. Rédíò àti ìwé ìròyìn ni mo ti ń ṣa gbogbo rẹ̀ jọ. Àwọn yẹn máa ń kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ẹ lọ bi olórin Èkìtì kan lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kọrin lóde, ohun tó máa sọ fún yín ni pé ọdún tí kòkó so dáadáa ni. Ẹ dárúkọ ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ nínú orin nílẹ̀ Èkìtì nírú ọjọ́ òní. Ẹyọ kan péré. Mo máa kọ ọ́ síbẹ̀ lójú yín."

"Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì," ni Jùmọ̀kẹ́ wí.

Ó sọ ọ́ fún un. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Dìsẹ́ńbà, 1966. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni òun. Ìyá òun ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé, òun ń bá a di igbá mú. Ìyá kàn fi igbá yíyan sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí eérú, orin kan sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, lílé àti ègbè, odindi, orin tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́ rí. Gàrí jóná. Ìyá ò mọ̀. Bó ti ń kọ ọ́, òun náà ń gbà á, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbe orin yẹn láyé. Lónìí kò sí ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà kan láti Ìfàkì títí dé Ìkẹ́rẹ́ tí kì í kọ ọ́.

Ó kọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Mọ́nsúrù pariwo.

"Háà! Orin yìí? Èmi tí mo jẹ́ Mùsùlùmí gan-an, mo máa ń fi kọrin nílé ìwẹ̀! Kí lorúkọ ìyá yín?"

"Àdùnní Bámgbóyè."

Mọ́nsúrù jáde, ó fi aṣọ tútù nu ìlà tó gbẹ̀yìn kúrò kí àyè lè wà, ó sì tún un kọ. Nígbà tó máa ṣe tán, Ìyáàfin Àdùnní Bámgbóyè ti Ìgèdè-Èkìtì, ẹni tó gba orin ẹ̀mí ní 1966, ti jókòó sáàárín Fats Domino àti Otis Redding. Àyà Jùmọ̀kẹ́ kún. Kò rí orúkọ ìyá rẹ̀ lákọsílẹ̀ níbì kankan rí láyé.

Ibẹ̀ ló ti rántí ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n tẹ orin náà síbẹ̀, orin kẹrìnlélógójì, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Wòlíì S. A. Bámgbóyè ló gbà á. Gbogbo ìjọ, orin Wòlíì ni wọ́n ń pè é. Ó yẹ kí Jùmọ̀kẹ́ sọ fún ọkùnrin yìí pé kó pa á rẹ́ kíákíá. Ó la ẹnu.

"Ẹ ṣeun," ló sọ.

Mọ́nsúrù wò ó dáadáa. "Nínú ọkọ̀ òfurufú yẹn, ẹnì kan yè," ló wí. "Ẹni tó ń fun fèrè. Tìmùtìmù ìjókòó ló dì mú nínú omi. N kì í kọ ìyẹn sí pátákó, àyè kì í gbà á. Ẹni tó bá bi mí ni mo máa ń sọ ọ́ fún."

"N ò bi yín."

"Mo mọ̀," ni Mọ́nsúrù wí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ́ràn ènìyàn rí, ẹ ò nílò kí n máa ka gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ọjọ́ Ajé, ó tún yà. Ọjọ́bọ̀, ó yà. Ó di pé bàtà Jùmọ̀kẹ́ ń bàjẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún Àjíǹde, ó ti fi "ẹ" sílẹ̀, ó ti ń pè é ní "ìwọ", Mọ́nsúrù sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹ́ òun. Tó bá dùbúlẹ̀ nílé Àǹtí Títílayọ̀, á máa bá ara rẹ̀ jà. Ọmọ Wòlíì, kó lọ fẹ́ Mùsùlùmí? Mùsùlùmí náà ò tiẹ̀ tún ta nǹkan mìíràn, orin fàájì ló ń tà! Síbẹ̀, bó bá rántí bí ọkùnrin náà ṣe tẹ̀ba lójú pópó tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ "Àdùnní" gàdàgbà, ó mọ̀ pé òun ò lè fẹ́ ẹlòmíràn.

Àǹtí Títílayọ̀ ló di alárenà. Obìnrin yìí gbọ́n, àmọ́ ọgbọ́n rẹ̀ ló ba nǹkan jẹ́. Ọdọọdún, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Dìsẹ́ńbà, ni ìjọ Ìgèdè máa ń ṣe ìdúpẹ́ orin náà, inú Wòlíì kì í sì í dùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ọdún 1978, ọjọ́ Ìsinmi ló bọ́ sí. "Ọjọ́ yẹn gan-an la máa kó Mọ́nsúrù àti bàbá rẹ̀ lọ," ni Àǹtí wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ò ní lè bínú lọ́jọ́ yẹn. Inú rẹ̀ á ti yọ́ bí òrí."

Kò rántí pé Mọ́nsúrù ní ìwé kan, àti pé ọjọ́ tó bá yípo, pátákó náà á yípo. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí òun àti bàbá rẹ̀ tó gbéra, Mọ́nsúrù kọ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe kọ wọ́n lọ́dún tó kọjá. Ó tiẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ewé kọ ti Àdùnní, ó lérò pé òun ń bọlá fún àna òun. Ọmọ ìjọ kan tó ń ti Adó bọ̀ wá sí ìdúpẹ́ kà á láti inú ọkọ̀. Kí ìsìn tó parí, etí Wòlíì ti gbọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n jókòó ní pálọ̀ Wòlíì. Bàbá Jùbrílù, bàbá Mọ́nsúrù, ń wo ẹsẹ̀ àwọn àlejò ṣọ́ọ̀ṣì tó ń kọjá lójú fèrèsé. "Gbogbo wọn ò wọ bàtà," ló sọ sétí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà, ẹsẹ̀ rẹ á le." Àǹtí Títílayọ̀ dìde, ó kí, ó yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà yìí, àwọn sì fẹ́ já a. Wòlíì Bámgbóyè gbọ́ ọ tán. Aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Mùsùlùmí ni ọ́," ló sọ fún Mọ́nsúrù. "Ó dùn mí, àmọ́ ọmọ Ábúráhámù ni gbogbo wa. Rẹ́kọ́ọ̀dù lo ń tà. Ìyẹn náà, mo lè fara dà á. Ta ló sọ fún ọ pé Àdùnní ló gba orin yẹn?"

Jùmọ̀kẹ́ dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Èmi ni, Bàbá."

Wòlíì ò wò ó. Ó mú ìwé orin, ó ṣí i sí orin kẹrìnlélógójì, ó gbé e sórí itan Mọ́nsúrù. "Kà á. Ta ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó dára. N ò ní gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ, n ò sì ní ní kó o wá ṣe Àládùúrà. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́. Pa orúkọ yẹn rẹ́ lára pátákó rẹ, kí o kọ tèmi síbẹ̀. Lọ́jọ́ tó o bá kọ ọ́, kí o wá mú ìyàwó rẹ nínú ilé yìí."

Bàbá Jùbrílù fọwọ́ gbá itan. "Ìyẹn nìkan? Alihamudu lilai! Ṣé ṣọ́ọ̀kì kọ́ ni? Lónìí yìí la máa pa á rẹ́!" Àǹtí Títílayọ̀ ti ń jó díẹ̀díẹ̀ lórí ìjókòó. Inú gbogbo pálọ̀ dùn. Mọ́nsúrù nìkan ló wo ojú Jùmọ̀kẹ́.

"Kò ní ṣeé ṣe," ni Jùmọ̀kẹ́ wí.

"Kí lo wí?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Mo wà níbẹ̀. Igbá wà lọ́wọ́ mi. Oko lẹ wà lọ́jọ́ náà."

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá Wòlíì sọ̀rọ̀ báyẹn ní Ìgèdè. Ìyá rẹ̀ tó gbé omi wọlé fà á lápá, ó fà á lọ sí ilé ìdáná.

"Jẹ́ kó kọ ọ́, Jùmọ̀kẹ́," ni Àdùnní wí. "Mo bẹ̀ ọ́. Nígbà yẹn, àwọn àgbà ìjọ ní Ọlọ́run ò lè gba ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń yan gàrí fún ìjọ lórin. Wọn ò fẹ́ kọ ọ́. Bàbá rẹ ló ní kó máa jẹ́ tòun kí wọ́n lè kọ ọ́. Ó ṣe orin náà lóore."

"Ó ṣe orin lóore. Ṣé ó ṣe yín lóore, Màámi?"

Àdùnní mú aṣọ, ó nu abọ́ kan. Ó tún un nu. Ó ṣì ń nù ún nígbà tí Jùmọ̀kẹ́ jáde.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti Mọ́nsúrù jà ní ṣọ́ọ̀bù, ìjà àkọ́kọ́ tí wọ́n jà. Pátákó ti di ti ọjọ́ kọkànlá, Mọ́nsúrù sì ti pa gbogbo ti àná rẹ́ bó ṣe máa ń ṣe.

"Ṣó o rí i?" ni Mọ́nsúrù wí. "Ó ti lọ! Ṣọ́ọ̀kì ni. Jẹ́ kí n kọ ti bàbá rẹ sí i fún wákàtí kan péré, kí ẹnì kan rí i, kí n nù ún. Lọ́dún tó ń bọ̀, wàá ti wà nínú ilé mi, màá tún kọ ti màmá padà. Ta ló máa rántí?"

"Èmi."

"Jùmọ̀kẹ́, ṣó o tiẹ̀ fẹ́ràn mi?"

Omijé bọ́ lójú rẹ̀, inú sì bí i pé ó bọ́. "Mo fẹ́ràn rẹ. N ò fẹ́ràn ọkùnrin kankan rí bíi tìrẹ. Ìdí nìyẹn. Tí mo bá fi orúkọ ìyá mi gba ọkọ, gbogbo ìgbà tí mo bá ti rí ojú rẹ ni n ó máa rí i pé mo tà á. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Má wá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi ìyàwó bẹ̀ kó pa á rẹ́."

Mọ́nsúrù jókòó sórí páálí rẹ́kọ́ọ̀dù. "Báwo la ṣe máa wá ṣe é?"

"Ọdún kan. Ká fún Bàbá ní ọdún kan. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Dìsẹ́ńbà tó ń bọ̀, tó bá gbà, ó gbà. Tí kò bá gbà, ọjọ́ yẹn náà la máa lọ ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù. N ò ní fi ọjọ́ yẹn sílẹ̀ fún un."

Ọdún yẹn gùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Àǹtí Títílayọ̀ lọ sí Ìgèdè. Tó bá ti kúnlẹ̀, Wòlíì á bi í pé, "Ṣé wọ́n ti kọ orúkọ mi?" Á ní wọn ò tíì kọ ọ́. "Kí lo wá dé?" Ọ̀rọ̀ á tán. Bàbá Jùbrílù náà ò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ó ní òun ò tíì rí ibi tí wọ́n ti gbé ìyàwó fún ènìyàn ní ọ̀fẹ́, tí ìyàwó wá ní òun ò lọ. Àwọn alẹ́ kan wà tí Jùmọ̀kẹ́ rò pé wèrè ló ń ṣe òun. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé ọmọ kejì pọ̀n. Nítorí ṣọ́ọ̀kì! Ilẹ̀ á mọ́, á wẹ̀, á wọṣọ, á gba Adébáyọ̀ lọ ṣiṣẹ́, orí rẹ̀ á sì tún le.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù Dìsẹ́ńbà, 1979, ọjọ́ Ajé ni. Mọ́nsúrù jí, ó kọ pátákó, ìlà mẹ́ta, kò dín, kò lé. Lẹ́yìn náà ló wọ agbádá tí bàbá rẹ̀ rán, ó lọ sí kóòtù. Àǹtí Títílayọ̀ wà níbẹ̀, Bàbá Jùbrílù wà níbẹ̀, àwọn tíṣà méjì wá. Ojú Jùmọ̀kẹ́ ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó bínú sí ojú ara rẹ̀.

Akọ̀wé kóòtù, ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí, ti ń wá gègé kiri nígbà tí Àdùnní wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, eruku Ìgèdè lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Màámi! Ṣé Bàbá mọ̀ pé ẹ wá?"

"Mo sọ fún un pé mò ń lọ. Ó ní n ò gbọdọ̀ lọ. Mo ní ó dàárọ̀ o." Ó jókòó, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ."

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Ó tán. Wọ́n jáde síta, ìgbà yẹn ni wọ́n sì rí Wòlíì Bámgbóyè tó dúró nínú oòrùn, òun nìkan. Kò sí ẹni tó kí i. Jẹ̀bẹ̀tẹ̀ gbé ọmọ lé gbogbo wọn lọ́wọ́.

"Mo gba Adébáyọ̀ kọjá," ló sọ fún Jùmọ̀kẹ́. "Ó ṣì wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"O ò pa á rẹ́ nítorí tèmi."

"N ò pa á rẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń bínú, ẹ máa bínú, sà. Mo ti lọ́kọ."

Mọ́nsúrù dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pẹ̀lú agbádá tuntun. Wòlíì ò wò ó. "N ò tíì kú," ló wí, "kò sì sí ẹni tó máa gbàdúrà ìgbéyàwó lé ọmọ mi lórí nígbà tí mo wà láyé. Kúnlẹ̀."

"Àwa méjèèjì ni, àbí kí n dúró," ni Jùmọ̀kẹ́ wí.

Àǹtí Títílayọ̀ bo ẹnu. Wòlíì wo ọmọ rẹ̀ títí, bí ẹni tó ń wo ẹni tí kò rí rí. "Ẹ̀yin méjèèjì," ló wí níkẹyìn.

Wọ́n kúnlẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Àládùúrà, orin ló ń ṣáájú àdúrà, ẹni tó máa gbàdúrà ló sì ń dá a. Wòlíì gbọ́wọ́ sókè, ó la ẹnu. Gbogbo wọn mọ orin tó máa ń dá. Ẹnu rẹ̀ wà ní yíyà, kò sí ohun tó jáde. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré, àmọ́ akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé gbọ́ ọ.

"Àdùnní," ló wí. "Ìwọ lo ni orin. Dá a."

Jùmọ̀kẹ́ sunkún síta, kò tijú. Àǹtí Títílayọ̀ ti ń pàtẹ́wọ́, ó ti ń mi orí sí orin kẹrìnlélógójì tí gbogbo ayé mọ̀. Àdùnní ò dá a.

"Ìyẹn kọ́," ló wí. "Mo ti gba mẹ́fà mìíràn lẹ́yìn rẹ̀."

"Mẹ́fà?" ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Mẹ́fà. Ẹ ò bi mí."

Ó dìde dúró láàárín ọgbà kóòtù, ó sì dá orin kan tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́ rí, ohùn rẹ̀ ga. Nígbà àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó mọ ègbè rẹ̀. Nígbà kejì, Jùmọ̀kẹ́ gbà á láti orí ìkúnlẹ̀. Nígbà kẹta, Mọ́nsúrù bá a gbà á. Wòlíì gbé ọwọ́ kan lé orí ọmọ rẹ̀, ó gbé èkejì lé fìlà Mọ́nsúrù, òun náà sì ń gbe orin lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Ó ń ṣì í gbe, Àdùnní sì ń tún un ṣe fún un.